Omi dé Kalgoorlie: àkọsílẹ̀ páìpù kìlómítà 566 tó la ilẹ̀ gbígbẹ já

Ní oṣù January ọdún 1903, omi tí wọ́n sé sínú àfonífojì odò Helena, nítòsí Perth ní ìwọ̀-oòrùn Australia, tú jáde lórí òkè Mount Charlotte ní Kalgoorlie. Kìlómítà 566 ni omi náà rìn nínú páìpù irin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn ẹni tó gbéra ní Èkó, tó dé Ìlọrin, tó sì tún padà sí Èkó. Ilẹ̀ tó ń lọ ga ju ilẹ̀ tó ti ń bọ̀ lọ ní ohun tó lé ní mítà 300, nítorí náà kò sí bó ṣe lè ṣàn débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń tì í láti ibùdó dé ibùdó.

Àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí wúrà, wọn a sì parí rẹ̀ sórí ikú ẹnjiníà tó ṣe é. Méjèèjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá páìpù omi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ibi tí irin kan ti pàdé ìkejì ni wàhálà máa ń wà. Oríkèé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí kò ṣeé ṣe, oríkèé ló bí ẹ̀sùn, òun náà ló sì ń jò nígbà tí gbogbo ayẹyẹ ti parí. Òun la ó máa tẹ̀ lé nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ náà àti omi rẹ̀

Ní oṣù September 1892, Arthur Bayley gun ẹṣin wọ ìlú Southern Cross pẹ̀lú wúrà 554 áúnsì, ìyẹn ju kílò 17 lọ, tí òun àti William Ford ṣà ní Coolgardie. Ní oṣù June ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ireland mẹ́ta, Paddy Hannan, Thomas Flanagan àti Dan Shea, rí wúrà lẹ́sẹ̀ Mount Charlotte, bí kìlómítà 40 sí Coolgardie. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni Hannan lọ forúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí èrò fi ya bò ó bí eṣú. Orúkọ Hannan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pe ibẹ̀. Kalgoorlie tí a ń pè é lónìí wá láti inú èdè àwọn onílẹ̀. Orúkọ ewéko eléso kan tó ń hù ní àgbègbè náà ni.

Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bíi mìlímítà 260, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin òjò Ìbàdàn. Oòrùn ibẹ̀ sì lágbára tó láti fa omi tó jìn ju mítà 2 lọ gbẹ lọ́dún kan ṣoṣo. Kò sí odò tó ń ṣàn. Adágún pọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n pẹpẹ iyọ̀ funfun ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga á bá omi. Omi náà ni kò ṣeé mu: níbi púpọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ ju ti òkun lọ.

Síbẹ̀ èèyàn ń gbé ilẹ̀ náà láti ayébáyé. Àwọn Wangkatha, tí wọ́n ni ín, mọ ihò inú òkúta granite tí omi òjò máa ń dúró sí, tí wọ́n ń pè ní gnamma. Wọ́n ń fi òkúta pẹlẹbẹ àti ẹ̀ka igi bo ẹnu rẹ̀ kí oòrùn má fà á gbẹ, kí ẹranko má sì kú sínú rẹ̀. Wọ́n tún mọ ẹsẹ̀ àpáta ńlá níbi tí òjò tó ṣàn kúrò lórí òkúta ń rì sínú iyanrìn, tí a lè fi ọwọ́ wa á jáde. Omi yìí tó fún agbo ilé tó ń ṣí kiri: wọn a mu, wọn a fi ìyókù sílẹ̀, wọn a kọjá sí ihò mìíràn. Kò tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì tó mú ẹṣin dání. Ẹṣin kan lè mu 30 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nínú ooru; ẹṣin mẹ́wàá péré á fa ihò tó yẹ kó gbé ìdílé kan títí di òjò mìíràn gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Ìjìyà tí èyí kó bá àwọn onílẹ̀ pọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń yin omi tó padà dé kò gbọ́dọ̀ fo orí ìwé yìí.

Àìsí omi hàn nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣa wúrà pàápàá. Níbi tí omi bá wà, awakùsà á da iyanrìn sínú àwo, á fi omi ṣàn án, wúrà tó wúwo á jókòó sísàlẹ̀. Ní Coolgardie, atẹ́gùn ni wọ́n lò. Wọ́n á gún erùpẹ̀ kúnná, wọ́n á gbé àwo kan sókè, wọ́n á máa da erùpẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ sínú àwo kejì nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbé eruku lọ kí èyí tó wúwo sì bọ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ìrẹsì ti rí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé eruku òkúta ni èyí, ó ń wọ ojú, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́.

Sísè omi iyọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ gba ìlú náà là ni sísè omi iyọ̀, lọ́nà tí àwọn tó ń pọn ògógóró mọ̀ dáadáa. Wọ́n á rọ omi kànga tàbí omi adágún iyọ̀ kún inú táńkì irin tó dé pa, wọ́n á dá iná igi sí i nídìí. Ooru tó ń jáde á gba páìpù irin gígùn tó na jáde sínú afẹ́fẹ́, á tutù lójú ọ̀nà, á sì máa kán sínú àgbá ní ìpẹ̀kun gẹ́gẹ́ bí omi aláìníyọ̀. Láàárín Coolgardie àti Kalgoorlie irú ààrò bẹ́ẹ̀ pọ̀, láti orí ti ẹni kan ṣoṣo tó fi táńkì kékeré kan ṣòwò dé orí ti ilé iṣẹ́ tó ń sè é lọ́sàn-án lóru.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí. Bí omi ṣe ń di ooru, iyọ̀ kò bá a lọ. Èèpá iyọ̀ á máa ga nídìí táńkì. Èèpá yìí kì í jẹ́ kí ooru iná dé ara omi, nítorí náà irin ìdí táńkì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á sì lu. Wọ́n ní láti máa da omi kíkan tó kù nù, kí wọ́n máa fi irin họ èèpá náà. Èkejì ni igi. Igi ilẹ̀ yẹn kì í yára dàgbà, ẹnu ààrò àti bọ́ílà ilé iṣẹ́ wúrà sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ibi tí wọ́n ti ń gé igi ń jìnnà sí i, wọ́n tilẹ̀ fi ojú irin tọ igbó lọ. Owó igi sì ni owó omi. Láti pẹ́nì díẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù kan nígbà tí nǹkan rọ̀, ó lè dé ṣílè méjì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan kò pé lítà 5. Ẹni tó ti inú kòtò wúrà jáde pẹ̀lú eruku lára kò lè ná ṣílè méjì kó fi wẹ̀.

Àìwẹ̀, àìfọṣọ, ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga, àti eṣinṣin ló mú ibà táífọ́ọ̀dù wá. Ó pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ní àwọn ọdún 1890, inú àgọ́ aṣọ sì ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n dán wò kò tó nǹkan. Ìjọba gbẹ́ adágún ìkómi sí, òjò kò rọ̀ tó láti kún un. Wọ́n lu ihò jìn sínú òkúta lérò pé omi dídùn wà nísàlẹ̀. Granite kò ní omi kankan láti fún wọn. Ràkúnmí ń ru ẹrù, àwọn darandaran ràkúnmí láti Afghanistan àti ẹkùn Íńdíà ló ń dà wọ́n, iṣẹ́ wọn ló sì mú kí oúnjẹ dé ibi tí ẹṣin kò lè dé. Ṣùgbọ́n ràkúnmí kò lè ru omi ìlú. Ojú irin dé Coolgardie ní oṣù March 1896, ó dé Kalgoorlie ní oṣù September ọdún kan náà, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: ẹ̀rọ reluwé tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ń mu omi ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ, omi iyọ̀ sì ń ba bọ́ílà rẹ̀ jẹ́.

Ìṣirò náà

John Forrest ni olórí ìjọba ìwọ̀-oòrùn Australia nígbà náà. Ẹnjiníà àgbà rẹ̀ ni Charles Yelverton O'Connor, ọmọ Ireland tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní New Zealand kó tó dé Perth ní 1891, tó sì tún ń kọ́ èbúté Fremantle lọ́wọ́. Ní 1896, Forrest gbé àbá kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin: kí wọ́n yá mílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn láti fi sé odò Helena, kí wọ́n sì máa ti gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5 lójúmọ́ lọ sí pápá wúrà. Owó náà sún mọ́ gbogbo ohun tó ń wọ àpò ìjọba ibẹ̀ lọ́dún kan. Wọ́n ṣírò pé àwọn lè ta ẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù ní ṣílè mẹ́ta àti sísì. Fi wé ṣílè méjì lórí gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo: ẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù ní iye yẹn jẹ́ 100 pọ́n-ùn. Ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún náà, àwọn àgbà ẹnjiníà mẹ́ta ní London, Carruthers, Deacon àti Unwin, sì yẹ ìṣirò náà wò, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5 jẹ́ nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 22.7. Bí ẹ bá ń ti èyí gba inú páìpù tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 30, ìyẹn mìlímítà 762, omi náà á máa rìn ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 58 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lọ́ra ju ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀kán omi kan tó kúrò ní Mundaring, níbi tí wọ́n ti sé odò Helena, á lo bí ọjọ́ 11 kó tó dé Kalgoorlie, ẹni tó bá sì ń kún páìpù tó ṣófo fún ìgbà àkọ́kọ́ á lo ọjọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde lódì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibì kankan tó ń jò.

Ìgòkè nìkan kọ́ ni pọ́ǹpù ń bá jà. Omi ń fara gbá inú páìpù ní gbogbo kìlómítà 566 náà, ìfaragbá yìí sì ń jẹ agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìgòkè dọ́gba. Bí wọ́n bá fi pọ́ǹpù kan ṣoṣo tì í láti ìsàlẹ̀, irin tó nípọn gan-an nìkan ló lè gba agbára tí yóò wà nídìí páìpù náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín in sí ibùdó 8. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń ti omi dé inú táńkì tó wà níwájú, omi á sinmi níbẹ̀, ibùdó tó kàn á sì gbà á láti ibi tí agbára rẹ̀ ti padà sí òfo. Ibùdó 1 àti 2 sún mọ́ra ní Mundaring nítorí pé òkè Darling ga lójijì. Lẹ́yìn wọn ni Cunderdin, Merredin, Yerbillon, Ghooli, Gilgai àti Dedari. Láti Dedari omi gun dé Bulla Bulling, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí Coolgardie àti Kalgoorlie. Pọ́ǹpù 20 ni ilé iṣẹ́ James Simpson ní London ṣe, mẹ́ta mẹ́ta ní ibùdó mẹ́rin àkọ́kọ́, méjì méjì ní mẹ́rin tó kù, kí ọ̀kan lè máa sinmi fún àtúnṣe nígbà gbogbo. Ooru omi ló ń wà wọ́n, èédú láti ìlú Collie ló ń se omi náà. Ojú irin ni páìpù tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí láìsí reluwé kò sí bí èédú ṣe máa dé àwọn ibùdó yìí.

Páìpù tí kò ní ìṣó

Ní àsìkò yẹn, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù irin ńlá ni kí wọ́n ká irin pẹlẹbẹ, kí wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀, kí wọ́n ki ìṣó gbígbóná bọ inú ihò náà, kí wọ́n sì lu orí ìṣó ní ìhà méjèèjì títí yóò fi dì. Ó ní àléébù mẹ́ta. Ihò tí wọ́n lu ti gba agbára lára irin, nítorí náà irin tó nípọn ju bó ṣe yẹ ni wọ́n ní láti rà. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí omi lè gbà jò, ihò náà sì pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún lórí irú ìrìn yìí. Orí ìṣó tó yọ sínú páìpù ń dá omi dúró. Lórí kìlómítà 5 ẹ lè fara dà á. Lórí 566, ó túmọ̀ sí èédú púpọ̀ sí i lójoojúmọ́ ayé.

Mephan Ferguson, oníṣẹ́ irin kan ní Melbourne, ló rí ọ̀nà àbáyọ. Irin pẹlẹbẹ méjì, ẹsẹ̀ bàtà 28 ní gígùn, ìdá mẹ́rin ínṣì ní nínípọn, ni wọ́n ká sí ìdajì òbìrí kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó ká a, ẹ̀rọ á ti fún etí rẹ̀ títí yóò fi kí díẹ̀ ju ara irin tó kù lọ. Wọ́n á wá gbé ìdajì méjèèjì kọjú síra, wọ́n á ki etí wọn sínú ọ̀pá irin kan tó ní ẹnu ní ìhà méjèèjì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi ṣiṣẹ́ á sì fún ẹnu ọ̀pá náà pa mọ́ etí tó kí náà bí ehín ṣe ń di ẹran mú. Bí omi bá ṣe ń tì láti inú, etí náà á túbọ̀ há. Kò sí ihò, kò sí ìṣó, inú páìpù sì ń dán láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Níbi tí agbára omi bá ti pọ̀ jù, wọ́n lo irin tó nípọn díẹ̀ sí i.

Bí 60,000 irú páìpù yìí ni wọ́n nílò. Ìdajì wá láti ilé iṣẹ́ Ferguson, ìdajì kejì láti ti G. àti C. Hoskins, àwọn méjèèjì sì kọ́ ilé iṣẹ́ wọn sí ẹ̀bá Perth. Irin pẹlẹbẹ náà wá láti Jámánì àti Amẹ́ríkà. Páìpù kọ̀ọ̀kan wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Wọ́n á fi omi dán an wò, wọ́n á rì í bọ inú ọ̀dà gbígbóná kó má baà dípẹtà, wọ́n á wọ́n iyanrìn sí ọ̀dà náà lára kó má baà yọ́ nínú oòrùn, wọ́n á sì gbé e sórí reluwé.

Lójú ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n sì sin páìpù náà. Ìdí wà fún un. Irin ń gùn nígbà ooru, ó sì ń kúrú nígbà òtútù. Bí ìyàtọ̀ láàárín òru àti ọ̀sán bá jẹ́ ìwọ̀n 40, páìpù ẹsẹ̀ bàtà 28 kan á gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Ẹ sọ ọ́ di 60,000: ó tó nǹkan bíi mítà 240. Bí páìpù bá wà lórí ilẹ̀, oríkèé gbogbo á máa wọlé, á máa jáde lójoojúmọ́. Abẹ́ ilẹ̀ tutù, kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni lójú gbogbo ẹni tó wò ó nígbà náà.

Ní Mundaring fúnra rẹ̀, ìsédò náà fẹ́ kó wọn ní ìdààmú. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n bá àfọ́ gígùn nínú àpáta abẹ́ odò. Bí wọ́n bá mọ kọnkéré lé e lórí bẹ́ẹ̀, omi á gba abẹ́ ògiri sálọ, á sì máa họ ìdí rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ jìn títí wọ́n fi kan òkúta tó le, wọ́n sì fi kọnkéré dí i. Àkókò àti owó lọ síbẹ̀. Ògiri tó jáde lókè odò ga ní 100 ẹsẹ̀ bàtà.

Òjé, òòlù, àti ẹ̀sùn

Ọ̀pá irin ti yanjú ìrán ẹ̀gbẹ́ páìpù. Ó ku oríkèé tó so páìpù kan mọ́ èkejì, ó sì tó bí 60,000 pẹ̀lú. Wọ́n á gbé páìpù méjì kojú ara wọn nínú yàrà, wọ́n á fa òrùka irin kan bo ibi tí wọ́n ti pàdé, àyè díẹ̀ á wà láàárín òrùka àti ara páìpù. Wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á sínú àyè yẹn títí yóò fi yí páìpù po. Bí òjé bá ṣe ń tutù ni ó ń súnkì, nítorí náà ó fi àlàfo tó rí bí irun sílẹ̀ láàárín òun àti irin. Dandan ni kí wọ́n kì í mọ́lẹ̀: oníṣẹ́ á mú irin pẹlẹbẹ kan, á fi òòlù lù ú lórí òjé náà yípo, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òrùka.

Lókè páìpù, iṣẹ́ yìí rọrùn. Lábẹ́ páìpù, ẹni náà dùbúlẹ̀ nínú yàrà, kò ríran dáadáa, kò sì ráyè fi òòlù ṣe ọwọ́. Abẹ́ náà sì ni omi á ti kọ́kọ́ jò, nítorí ibi tí òjé kò bá ti dì dáadáa nìyẹn. Fífi ọwọ́ ṣe é lọ́ra, ó gba òjé àti èèyàn púpọ̀, iṣẹ́ ẹni kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Nígbà náà ni James Couston gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi iná mànàmáná yí páìpù po, tó ń tẹ òjé náà mọ́lẹ̀ lọ́nà kan náà lókè àti nísàlẹ̀. O'Connor dán an wò, ó gbà pé ó dára ju ti ọwọ́ lọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdájọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà fún Couston àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò mú ìbéèrè dání, ó sì hàn pé ẹnjiníà kan lábẹ́ O'Connor ti ní àjọṣe owó tí kò yẹ pẹ̀lú àwọn tó gba iṣẹ́ náà. Ilé ìgbìmọ̀ gbóná. Ìwé ìròyìn kan ní Perth kọ ọ́ léraléra pé jìbìtì ni gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì ka O'Connor fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn jàǹdùkú. Forrest, tó ti ń dáàbò bò ó, ti bọ́ sí ìjọba àpapọ̀ Australia ní 1901. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1902.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 10 oṣù March 1902, O'Connor gun ẹṣin rẹ̀ lọ sí etí òkun ní gúúsù Fremantle, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 59 ni. Nínú ìwé tó fi sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ omi Coolgardie, pé òun lè parí rẹ̀ bí wọ́n bá gba òun láyè. Lẹ́yìn náà ó fi ìtọ́ni kan kún un: kí wọ́n tètè mọ ògiri apá ìsédò Helena. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìsédò mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí omi bá yí ẹ̀gbẹ́ ìsédò ká nígbà òjò, yóò họ ilẹ̀ etí odò lọ. Ó ń ronú nípa òjò tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí náà kò rí ìwà ìbàjẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

C.S.R. Palmer ló gba iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é bí O'Connor ṣe yà á. Omi dé Coolgardie ní oṣù December 1902. Ní ọjọ́ 24 oṣù January 1903, nínú ooru tó ju ìwọ̀n 40 lọ, Forrest yí kọ́kọ́rọ́ omi ní Coolgardie láàárọ̀, ó sì dé Kalgoorlie lọ́sàn-án. Iye owó náà kò fi púpọ̀ kọjá ohun tí wọ́n yá. Àwọn pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ bí ìṣirò ṣe sọ.

Lẹ́yìn ayẹyẹ

Ohun kan wà tó dunni. Coolgardie ni ìlú tí iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wúrà tó wà lókè ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń tán kí omi tó dé. Èrò ti ń kó lọ sí Kalgoorlie àti Boulder, níbi tí òkúta olówúrà ti jìn, tó sì pọ̀. Òpópó tó fẹ̀ tó ibi tí ọ̀wọ́ ràkúnmí ti lè yí padà ló kù ní Coolgardie. Ní Kalgoorlie pàápàá, wọn kò mu tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5 lójúmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wúrà ṣì ń lo omi iyọ̀ ara wọn níbi tó bá ṣeé lò, nítorí kò ná wọn lówó. Ní ilé, ìyàtọ̀ hàn kíákíá: ọgbà ewébẹ̀, igi ìbòòji, aṣọ tó mọ́, ilé ìwẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìdí rẹ̀ ni yàrà tó yẹ kó dáàbò bò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní iyọ̀, nígbà tí òjò díẹ̀ bá sì rọ̀, iyọ̀ náà á di omi tó lẹ̀ mọ́ ara irin. Ibi tí ọ̀dà bá ti họ nígbà tí wọ́n ń gbé páìpù sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ bí orí abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti lu irin. Ẹni tó ń ṣọ́ páìpù kò lè rí i títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀, nítorí yíya ni yóò ti ya. Nínú páìpù náà, omi Helena ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú. Ó ń bí kókó ìpẹtà sára irin, kókó yìí sì ń dá omi dúró gẹ́gẹ́ bí orí ìṣó tí Ferguson ti yọ kúrò. Omi tó ń dé ìpẹ̀kun dín kù bó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú tí wọ́n ń jó kò dín. Òjé oríkèé náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí irin bá ń gùn tó sì ń kúrú, ẹgbẹ́ àtúnṣe á tún ilẹ̀ gbẹ́, wọ́n á tún òjé kì.

Wọ́n fi láìmù, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, sínú omi láti dín agbára ìpẹtà kù, wọ́n sì yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, kò wo ó sàn. Ìwòsàn tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930: wọ́n wú páìpù jáde kúrò nínú yàrà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí ilẹ̀. Níbi òjé, wọ́n fi iná jó irin pọ̀ mọ́ irin. Ooru ọ̀sán tí wọ́n ti bẹ̀rù ní 1898 kò lè fa oríkèé tí wọ́n ti jó pọ̀ jáde; irin náà á gba ìfúnpá sára, omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ á sì máa mú un tutù. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó sì rí ibi tó ń jò láìgbẹ́lẹ̀. Ní 1951 wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mítà 10 kún gíga ìsédò Mundaring, nítorí pé ẹ̀ka páìpù ti yà lọ sí àwọn ìlú àti oko àlìkámà lọ́tùn-ún lósì. Iná mànàmáná sì ti rọ́pò ooru omi ní àwọn ibùdó. Ibùdó 1 ní Mundaring àti ibùdó Cunderdin ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé.

Páìpù náà ṣì ń gbé omi lọ sí Kalgoorlie. Ọ̀nà mọ́tò tó lọ síbẹ̀ láti Perth ń bá a rìn fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ní àwọ̀ funfun, lórí ilẹ̀ pupa. Ní àwọn apá tí páìpù àtijọ́ ṣì wà, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bá ọ̀pá irin méjì tó yọ díẹ̀, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n na gbọọrọ láti ìpẹ̀kun kan páìpù dé èkejì. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀.